Ààyè Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹ́ńjìnnì Tọ́bò, Èkó Ti Lò Ó Tán

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun fi kún agbára ọkọ̀ tọ́bò rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó sọ ọ́: àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi agbára pamọ́ sínú ẹ́ńjìnnì ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dè é, ẹ bá mi tú u. Kì í ṣe irọ́. Ààyè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi ní Múṣìn, níbi tí mo ti ń tú ẹ́ńjìnnì tí mo sì ń dì í padà, ni pé eré sísá kọ́ ni wọ́n fi ààyè náà sílẹ̀ fún. Wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí epo tí kò dára, nítorí ooru, nítorí ọ́ìlì tí ọlọ́kọ̀ kò ní tètè pààrọ̀, àti nítorí ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá gbó. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé sí Èkó. Ká tó so wáyà kan mọ́ ọkọ̀, a ti lò nínú ààyè náà. Nígbà mìíràn, a ti lò ó tán.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ọkọ̀ tọ́bò tòkunbọ̀ lóde òní ka èyí dáadáa. Owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó kékeré, mo sì ti rí ẹni tó fi owó ilé ra ẹ́ńjìnnì, mo ti rí ẹni tó fi owó ìyàwó rà á.

Peugeot 504 ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Ọkọ̀ yẹn kì í fi ohun tó ń ṣe é pamọ́. Bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, wàá gbọ́ ọ lẹ́nu káábúrétọ̀, wàá rí i lára púlọ́ọ̀gì, wàá sì mú sìkúrúdíráfà, wàá yí i díẹ̀. Ọkọ̀ tọ́bò òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní brain box ní ọjà Ládípọ̀, ń bá a bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú silíńdà, ó ń mú kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó taná, ó ń fi epo kún epo, ọkọ̀ á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí di ọjọ́ tí kò ní rí nǹkan kan dín kù mọ́.

Ohun tí tọ́bò ń ṣe fúnra rẹ̀ kò díjú. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lọ sínú sàlẹ́ńsà ló ń yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá kan náà ló so fáànù yẹn pọ̀ mọ́ èkejì, èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta tó sì ń tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1905. Afẹ́fẹ́ tó pọ̀ sí i gba epo tó pọ̀ sí i, agbára á sì pọ̀ sí i. Ọ̀pá inú tọ́bò kékeré lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì ń gbé e dúró. Ibi tí ọ̀ràn wà ni pé afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́ra á gbóná. Mo máa ń ṣe ìṣirò yìí fún àwọn oníbàárà mi lórí ìwé. Ká ní afẹ́fẹ́ Èkó wà ní 32°C, tọ́bò sì ń fi ìkìmọ́lẹ̀ 0.6 bar lé e lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣètò rẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde lẹ́nu tọ́bò ní nǹkan bí 90°C. Gbé e dé 1 bar, ó ti lé ní 120°C. Ìyẹn tí tọ́bò bá ṣì dára, tí fáìlì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ sínú brain box láti fi kún agbára, kò sì lé e kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Intercooler ló yẹ kó tu afẹ́fẹ́ náà lára kó tó wọ silíńdà, òun náà sì ń wá atẹ́gùn láti iwájú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan ní Ọ̀ṣódì kò rí atẹ́gùn kankan gbà.

Ọ̀rọ̀ epo ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò láìfura. Epo bẹntiróòlù ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní octane. Nọ́ńbà yìí kò sọ bí epo ṣe lágbára tó. Ó ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìkìmọ́lẹ̀ àti ooru tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ìlànà orílẹ̀-èdè wa ní kí epo tí a ń rà ní ibùdó epo má dín sí 91. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́bò tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà, tí o bá ṣí ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, wàá rí 91 níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọlọ́kọ̀ á wò ó, inú rẹ̀ á dùn, á ní epo wa bá ọkọ̀ òun mu.

Kò bá a mu. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà ń gbà ka octane yàtọ̀ sí tiwa. Àwa ń lo ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní RON, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Yúróòpù. Àwọn ará Amẹ́ríkà á mú RON, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ìwọ̀n kejì tó máa ń kéré sí i, tí wọ́n ń pè ní MON, wọ́n á sì dá a sí méjì. 91 tiwọn tó nǹkan bí 95 tàbí 96 lọ́dọ̀ wa. 91 tiwa, tí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ju nǹkan bí 87 lọ, epo tí wọ́n ń rọ sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn ti ń mu epo tó rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sí i lára. Brain box ti ń dín agbára kù láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Lára ààyè tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ti ń mú un.

Wàyí o, ẹ wo fáìlì tí àwọn ọmọ wa ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní Stage 1. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ fún 93 ti Amẹ́ríkà, tó tó nǹkan bí 98 lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣe nǹkan burúkú, epo àdúgbò tirẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Láàárín 98 yẹn àti 91 wa ni písítìn ti ń fọ́.

Àwọn mìíràn á ní àwọn yóò ra octane booster, ìgò kékeré tí wọ́n ń dà sínú táńkì. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ó ń fi póìńtì márùn-ún kún octane, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́kàn ni 0.5, kì í ṣe 5. Láti 91 ẹ ó dé 91.5. Òmíràn tún ń fi àwọ̀ ìpẹtà sílẹ̀ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì.

Ọmọkùnrin kan gbé ọkọ̀ Jámánì kan wá láti Sùúrùlérè, lítà méjì, tọ́bò kan. Ó kí mi tán, ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n tó bá dúró, èéfín rẹ̀ sì ti di búlúù. Ó jọ pé púlọ́ọ̀gì ni." Mo bi í bóyá wọ́n ti yí nǹkan kan padà nínú brain box. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní wọ́n ti fi Stage 1 sí i, ṣùgbọ́n ó ti ṣe díẹ̀, ọkọ̀ sì sáré dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, torí náà kò lè jẹ́ ìyẹn. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí silíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ra tó. Silíńdà mẹ́ta wà lókè 11 bar, ọ̀kan kò dé 6.

Nígbà tí a gbé orí ẹ́ńjìnnì kúrò tí a sì fa písítìn yẹn jáde, orí rẹ̀ mọ́. Kò yọ́, kò lu. Ètè tín-ín-rín tó wà láàárín ríìngì àkọ́kọ́ àti ìkejì ló ti já dànù. Mo fi lé e lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò kàn án. "Ṣé agbára tó pọ̀ jù ló fà á, ọ̀gá?" Mo ní rárá. Agbára nìkan kì í fọ́ písítìn báyìí.

Ohun tó fọ́ ọ ni epo tó bú kó tó yẹ kó jó. Púlọ́ọ̀gì ló ń taná sí epo, iná náà á sì rìn láti àárín lọ sí etí, á máa ti písítìn lọ sísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, tí ìkìmọ́lẹ̀ sì ju ohun tí octane epo náà lè fara dà lọ, epo tó kù ní igun, tí iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á bú gbàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìgbì yẹn á wá máa lu ògiri silíńdà àti orí písítìn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ wàá gbọ́ ọ bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo. Nínú ọkọ̀ òde òní, fèrèsé wà ní títì, A/C ń fẹ́, orin ń dún, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún ń ṣe ohun mìíràn. Alumínọ́ọ̀mù gidi ń yọ́ ní 660°C, èyí tí wọ́n pò láti fi ṣe písítìn kì í dé ibẹ̀ kó tó máa yọ́, iná inú silíńdà sì lé ní 2,000°C. Ohun tí kò jẹ́ kí písítìn yọ́ lójoojúmọ́ ni afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lórí bí awọ, tí kì í gbóná tó ìyókù, pẹ̀lú ọ́ìlì tó ń tù ú lábẹ́. Ìbúgbàù yẹn ń bó awọ náà kúrò. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ètè ríìngì á ya. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà gígùn, ihò á lu lórí písítìn.

Sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní knock sensor, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ìró yìí. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, brain box á mú kí púlọ́ọ̀gì silíńdà yẹn taná pẹ́ díẹ̀. Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹlẹ̀ ni ó ń gbọ́. Àwọn kan tó ń kọ fáìlì máa ń dí etí rẹ̀, kí ọkọ̀ má bàa máa dá agbára dúró. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀ nílùú yìí, èyí ló ń bí mi nínú jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun á pa knock sensor kí ọkọ̀ lè já fáfá, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni epo ń dà láàmú. Ní 1962, nígbà tí General Motors gbé Oldsmobile Jetfire jáde, ọ̀kan lára ọkọ̀ ilé tọ́bò àkọ́kọ́ tí wọ́n tà fún ará ìlú, wọ́n fi táńkì kékeré kan sí i tó ní omi àti mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú, tí ẹ̀rọ á máa fọ́n pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ láti tù ú lára. Bí omi náà bá tán, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á dín agbára tọ́bò kù. Epo Amẹ́ríkà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn o, àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò sì fi ọkàn tán an.

Wákàtí tó burú jù fún irú ọkọ̀ yìí l'Ékòó kì í ṣe òru tí Afárá Third Mainland ṣófo. Mo mọ̀ pé òru ni àwọn ọmọkùnrin ń gbé e jáde lọ dán an wò, n kò sì fara mọ́ ọn rárá, ẹ̀mí èèyàn wà lórí afárá yẹn. Ṣùgbọ́n tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìrọ̀lẹ́ ló burú. Ọkọ̀ ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Adéníjì títí dé ìsàlẹ̀ Òwòròǹṣókí. Kò sí atẹ́gùn. Èéfín ọkọ̀ tó wà níwájú ni ọkọ̀ yìí ń fà símú. A/C ń tú ooru tirẹ̀ sí iwájú rédíétọ̀, intercooler sì ti gbóná kọjá ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Lójijì ọ̀nà là. Ó ti sú awakọ̀, ó fẹ́ dé ilé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gíà ṣì wà lókè, ẹ́ńjìnnì kò yí ju bí ìgbà 1,800 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tọ́bò kékeré yẹn sì gbé gbogbo ìkìmọ́lẹ̀ tí fáìlì fún un láṣẹ lé písítìn lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń tú ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn ni wọ́n dákẹ́.

Ìbúgbàù irú àsìkò bẹ́ẹ̀ tún ní orúkọ tirẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, LSPI, ìyẹn low-speed pre-ignition. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà sínú silíńdà, ẹ̀kán ọ́ìlì kan tàbí èérún èédú kan lè gbiná kí púlọ́ọ̀gì tó taná rárá, nígbà tí písítìn ṣì ń gòkè bọ̀. Písítìn ń bọ̀ lókè, iná ń tì í sísàlẹ̀, rọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìn dúró, wà láàárín. Ẹ̀ẹ̀kan péré lè tó láti ya písítìn tàbí láti tẹ rọ́ọ̀dù. Ọ́ìlì tí a ń lò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú èròjà ìfọ̀mọ́ tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì ń dá kún un, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí API, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà, fi gbé ìwọ̀n SN PLUS jáde ní 2018 àti SP ní 2020, tí wọ́n dán wò fún ọ̀ràn yìí gan-an. Ẹ yí gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì sẹ́yìn, ẹ wo àmì róbótó tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí SP, ó dára. Bí ẹ bá rí SL, fún ẹ́ńjìnnì 2004 sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é. Mo ń rí i tí wọ́n ń tà á fún ọkọ̀ 2015 nítorí pé ó nípọn, wọ́n á ní ọ́ìlì tó bá nípọn ló ń dáàbò bo tọ́bò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ọkọ̀ Èkó tó rin 5,000 kìlómítà ti fi wákàtí púpọ̀ dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kìlómítà kò sì ka ìyẹn. Ní 5,000 yẹn ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ tọ́bò, ohunkóhun tí ìwé ọkọ̀ ì báà sọ nípa 15,000.

Gíà kì í ṣe iṣẹ́ tèmi, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó ní ìwọ̀n tirẹ̀. Gíà DSG ti Volkswagen tí wọ́n ń pè ní DQ200, tí kọ́lọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kì í wà nínú ọ́ìlì, torque (agbára ìyípo ẹ́ńjìnnì) 250 Nm ni wọ́n ṣe é fún. DQ250 jẹ́ 350 Nm. Fáìlì lè gbé ọkọ̀ kọjá ìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnu gbogbo èèyàn wà lórí horsepower, bẹ́ẹ̀ torque tó bá tètè dé nísàlẹ̀ ló ń tẹ rọ́ọ̀dù tó sì ń jẹ gíà.

Ohun kan wà tí àwa mẹkáníìkì ń fi ọwọ́ ara wa ṣe tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ọkọ̀ bá gbóná lẹ́ẹ̀kan, a ó yọ thermostat, ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, a ó jù ú nù, a ó rọ omi ẹ̀rọ sínú rédíétọ̀, a ó ní a ti ṣe é. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ ó lè lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nínú ọkọ̀ tọ́bò, brain box á rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná, á máa fi epo kún epo, epo tí kò jó á sì ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí epo bá pò mọ́ kò lè gbé bẹ́ríìnì mọ́, ó sì tún ń dá LSPI sílẹ̀. Coolant gidi tí a pò mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, pẹ̀lú ìdérí rédíétọ̀ tó dára tó ń di ìkìmọ́lẹ̀ 15 psi mú, kì í hó títí dé nǹkan bí 129°C. Omi lásán lábẹ́ ìdérí kan náà ti ń hó ní nǹkan bí 121°C. Ìwọ̀n mẹ́jọ yẹn ni ọkọ̀ ń wá kiri nínú oòrùn oṣù Kẹta ní Ìkòròdú Road.

Epo tún lè yí padà láìsí ìkìlọ̀. Ní oṣù Kejì 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọ orílẹ̀-èdè yìí, ìjọba kéde rẹ̀, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Gbogbo ará Èkó rántí ìlà gígùn ìgbà náà. Kílógírámù kan epo bẹntiróòlù nílò nǹkan bí kílógírámù 14.7 afẹ́fẹ́ láti jó dáadáa. Mẹ́tánọ́ọ̀lù nílò nǹkan bí 6.4 péré. Nítorí náà, bí nọ́súlù bá fọ́n ìwọ̀n epo tó máa ń fọ́n tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á pọ̀ ju èyí tí epo náà nílò lọ. Ọkọ̀ tí a kò fọwọ́ kàn ṣì ní ibi tí yóò ti fi epo kún un. Ọkọ̀ tí fáìlì ti lé pọ́ńpù epo rẹ̀ dé òpin kò ní ibì kankan láti lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ẹni tó kọ fáìlì ka epo, ó ka afẹ́fẹ́, kò ka ohun tí ọkọ̀ ojú omi kan lè gbé dé Àpápá.

N kì í lé ẹni tó fẹ́ agbára. Ọkọ̀ wà tí mo ti bá wọn ṣe é tó ṣì ń lọ dáadáa, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà nígbà tí ọlọ́kọ̀ bá ní sùúrù. Mo kọ́kọ́ ń wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, torí tòkunbọ̀ ni, a kò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Fáìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún 91 RON. Mo máa ń ní kí wọ́n má fi ìkìmọ́lẹ̀ kún un nísàlẹ̀ 2,500, kí ó rọra dé. Púlọ́ọ̀gì á jẹ́ èyí tó tutù ju ti ilé iṣẹ́ lọ ní ìpele kan, àlàfo ẹnu rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 0.6 sí 0.7 mm. Intercooler ńlá dára ju ìkìmọ́lẹ̀ ńlá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lẹ́yìn náà a ó so sikánà mọ́ ọn, a ó wà á ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú A/C, lẹ́yìn tó bá ti jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó bá ń dán ọkọ̀ wò ní ìdájí ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí mo ń wò lójú sikánà ni ìwọ̀n tí brain box ń dá iná púlọ́ọ̀gì dúró ní silíńdà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n kan tàbí méjì níhìn-ín lọ́hùn-ún kò bà mí lẹ́rù. Bí silíńdà kan ṣoṣo bá ń dé mẹ́rin, márùn-ún, lemọ́lemọ́, fáìlì ilé iṣẹ́ ni mo ń dá padà sí i lọ́jọ́ náà, bí ọlọ́kọ̀ ì báà bínú. Mo tún ń wo ìkìmọ́lẹ̀ epo nínú rail, páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́súlù. Bó bá ń já wálẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí throttle, pọ́ńpù ti tán nìyẹn.

Màmá kan tó máa ń ti Ìkòròdú lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Márínà gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Ó ní ọkọ̀ náà ti wúwo, kò lè gun afárá bó ṣe ń gùn ún tẹ́lẹ̀, àbúrò òun sì ti ra fáìlì tí yóò sọ ọ́ di alágbára. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná." A fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tọ́bò. Ó ń rú jáde lára rọ́bà tó so mọ́ intercooler, níbi tí kílíìpù ti jẹ ẹ́. Filter afẹ́fẹ́ ti dí pẹ̀lú eruku ọ̀pọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì ti lé ní 1 mm. Nígbà tí a tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, èédú ti bo àwọn fáàfù, bó ṣe máa ń rí nínú ẹ́ńjìnnì tó ń fọ́n epo tààrà, nítorí pé epo kì í kọjá lórí wọn láti fọ̀ wọ́n. Ká ní a fi fáìlì lé orí èyí, tọ́bò á máa sáré kọjá ìwọ̀n láti dí ihò rọ́bà yẹn, afẹ́fẹ́ á sì gbóná jù fún epo wa. A pààrọ̀ rọ́bà, púlọ́ọ̀gì àti filter, a ha èédú náà kúrò, ìkìmọ́lẹ̀ tọ́bò sì padà sí ibi tí ilé iṣẹ́ fi sí.

Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá wá bá mi fún Stage 1, èéfín ni mo kọ́kọ́ ń fẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo bá rí, a ó ṣe é, ó sì máa wà á fún oṣù kan kó tó padà wá fún fáìlì. Àwọn kan ń padà wá. Púpọ̀ nínú wọn ń wá fún ọ́ìlì nìkan.